Ewé Pọ̀, Ṣé Iṣu Ti Ta?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lórí ìdàgbàsókè nínú ẹ̀mí yìí, inú oko ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kì í ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó sì kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe onígbàgbọ́ bí tiwa. Bàbá tó bí mi ni.

Òjòkú ni ìlú mi, lẹ́bàá Ọ̀fà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹni tó bá mọ apá ọ̀dọ̀ wa yóò mọ̀ pé inú agbo ilé kan náà ni Alhaji àti Díákónì ń gbé. Ẹ̀gbọ́n á máa kírun ní iwájú ilé, àbúrò á máa kọrin ìyìn ní ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ Iléyá, ẹran á dé ọ̀dọ̀ onígbàgbọ́. Ọjọ́ Kérésìmesì, ìrẹsì á dé ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, gbogbo wa la jọ ń gbẹ́ ilẹ̀. Mùsùlùmí ni bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú.

Èkó ni mo ti gba Jésù ní Olúwa àti Olùgbàlà mi ní ọdún 1987, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Mo gbà á tọkàntọkàn. Mo jáwọ́ nínú ọtí, mo jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́, mo dá owó ọ̀gá mi tí mo ti ń jí díẹ̀díẹ̀ padà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun ni mí, n kò sì mọ̀ pé ọmọ tuntun ni mí. Mo rò pé mo ti dàgbà ju gbogbo ilé wa lọ.

Nígbà tí Iléyá ọdún 1988 dé, tó bọ́ sí oṣù Keje, mo wọkọ̀ lọ sílé. Bíbélì ńlá wà ní abíyá mi, ìwé ìléwọ́ kún inú báàgì mi. Wọ́n ti pa àgbò. Ìyá Àgbà bu ẹran sínú àwo, ó gbé e wá fún mi, ó ní, "Bàbá Èkó, jẹ nǹkan kí o tó sùn." Mo ní èmi kì í jẹ ẹbọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí o, fún obìnrin tó pọ̀n mí dàgbà! N kò dúró síbẹ̀. Mo dìde láàárín àwọn àgbààgbà ilé, mo ní gbogbo wọn ni yóò jóná àfi bí wọ́n bá ronú pìwà dà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń wá ọ̀pá rẹ̀. Bàbá mi ló dá a lẹ́kun.

Bóyá ó yẹ kí onígbàgbọ́ jẹ ẹran Iléyá tàbí kò yẹ, ìyẹn kọ́ ni mo ń sọ. Ẹ ka Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní orí 8, kí kálukú dúró lórí ohun tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ bá gbà níwájú Ọlọ́run. Ohun tí mo ń sọ ni ẹnu tí mo fi kọ̀ ọ́.

Bàbá mi kò bá mi wí ọ̀rọ̀ kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí n gbé àdá, kí n ká lọ sóko. Ó mú mi dé ìdí ebè méjì. Ewé iṣu kìn-ín-ní tútù yọ̀yọ̀, ó fà mọ́ igi rẹ̀ dé òkè, ó sì tún ń wá ibi tí yóò gbà lọ. Ewé ìkejì ti ń pọ́n, ó ti ń rọ. Ó ní, "Èwo ni kí a wà lónìí?" Mo nawọ́ sí èyí tó tutù. Ó fi ọwọ́ tú ìdí ebè náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi hàn mí. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Ó wá wa ìkejì, iṣu tó jáde tó apá mi.

Ó ní, "Ewé ni èyí ṣì ń kó. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní òun ni n ó fi ṣe àlejò, ojú á tì mí." Lẹ́yìn náà ó dá iyẹ̀pẹ̀ padà, ó bo ìdí iṣu kékeré náà. Ó ní, "Ìwọ náà, jẹ́ kí wọ́n dá iyẹ̀pẹ̀ bò ọ́ díẹ̀."

Ojú tì mí, mo sì bínú. Mo padà sí Èkó lọ́jọ́ kejì.

Wàrà àti oúnjẹ líle

Ó tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà kí n tó ka ìwé Hébérù orí 5 tí ọ̀rọ̀ oko náà fi padà wá sí mi lọ́kàn. Níbẹ̀, ẹni tó kọ ìwé náà bá àwọn onígbàgbọ́ wí, pé ó ti yẹ kí wọ́n ti di olùkọ́, síbẹ̀ wàrà ni wọ́n tún ń wá. Ó ní àwọn tó dàgbà ni àwọn tí lílò ti mú kí ọkàn wọn já fáfá láti mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Ẹ kíyè sí i: lílò. Kì í ṣe ọdún tí a ti lò nínú ìjọ ni. Mo mọ ẹni tó ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà fún ogún ọdún, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gba ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ẹlòmíràn, yóò bú sẹ́kún bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Pọ́ọ̀lù rí irú rẹ̀ ní Kọ́ríńtì. Ìjọ tí ẹ̀bùn ẹ̀mí pọ̀ jù lọ, òun náà ni ìjọ tí ìjà àti owú pọ̀ jù lọ. Ó sì sọ fún wọn láì fi bò pé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n (Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní 3:1-3).

Nítorí náà, ẹni tó ń fèdè fọ̀ lè jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ẹni tó ń ríran lè jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ewé ni ìwọ̀nyí. Ewé dára, iṣu kì í ta láìsí ewé. Ṣùgbọ́n ewé kọ́ ni à ń gún.

Ọdún méjì tí a kì í sọ

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnìkan tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹni mọ owó. Ọmọ ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí náà ni. Òdò-Ọwà ni wọ́n ti bí Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní ọdún 1904, nínú ilé onígbàgbọ́ ìjọ Áńgílíkà. Kò kàwé jìnnà, ìwé kẹrin ló bá a dé. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, lẹ́yìn náà ó wọṣẹ́ ìjọba ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀nà, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní PWD, ó sì ń wa ẹ̀rọ ńlá tí ń tẹ títì. Oṣù Kẹwàá ọdún 1928 ni ẹ̀rọ náà dákú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, tó sì gbọ́ ohùn tó pè é pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ibẹ̀, ní Ìkejì-Arákejì, ni wọ́n kọ́ yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sí ní ọdún 2006.

Ìtàn tí a fẹ́ràn láti máa sọ ni ti oṣù Keje ọdún 1930, ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà. Ìsọjí bẹ́ sílẹ̀, èrò wọ́ wá láti ìlú dé ìlú, àwọn aláìsàn rí ìwòsàn, àwọn èèyàn kó òrìṣà ilé wọn jáde, wọ́n dáná sun ún. Ọ̀pọ̀ ìjọ Áládúrà àti ìjọ Pẹ́ńtíkọ́ọ̀sì ilẹ̀ Yorùbá lónìí ló ti ibẹ̀ rí nǹkan mú. Bí oníwàásù bá ti dé orí ìtàn yìí, gbogbo ìjọ á máa pariwo halelúyà.

Ṣùgbọ́n láti 1928 sí 1930 ńkọ́? Kí ni Babalọlá ń ṣe? Ó ń gbààwẹ̀, ó ń gbàdúrà, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó padà sí Òdò-Ọwà tó ń kéde fún wọn pé kí wọ́n ronú pìwà dà, àwọn kan rò pé orí rẹ̀ ti yí. Ìjọ tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà kò rí ààyè fún un mọ́. Ní ìparí ọdún 1929 ó gba Èkó lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ìjọ Faith Tabernacle, Pásítọ̀ J. B. Ṣàdáre tí wọ́n ń pè ní Èṣínṣìnadé sì rì í bọmi nínú ọ̀sà. Ẹ rò ó wò, ará. Ẹni tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìpè, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù, ó lọ tẹrí ba fún àwọn tó ṣáájú rẹ̀ nínú Olúwa. Lónìí ńkọ́? Ẹni tó lá àlá lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yóò ti lẹ pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà ní Ọjọ́ Ìsinmi: ìjọ tuntun dé.

Àwọn àgbà tí mo wí yìí náà, wọn kò hù lójijì. Ọdún 1918 ni, nígbà tí àrùn lùkúlùkú ńlá tó pa èèyàn káàkiri àgbáyé dé Ìjẹ̀bú-Òde, ni Ṣàdáre àti àwọn díẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ fún àdúrà nínú ìjọ Áńgílíkà níbẹ̀. Arábìnrin ọ̀dọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, wà lára wọn. Ó gba ọdún méjìlá láti inú yàrá àdúrà kékeré yẹn títí dé Òkè-Oòyè. Ìwé ìròyìn ìjọ kan láti Philadelphia ní Amẹ́ríkà, èyí tí David Ọdúbánjọ rí kà, wà lára ohun tó bọ́ wọn nínú ẹ̀kọ́. Lẹ́tà àti ìwé ni wọ́n fi ń bá àwọn ará òkè òkun náà sọ̀rọ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ìwé ìròyìn wa yìí di àkàrà, ṣé ẹ ti gbọ́?)

Lẹ́yìn ìsọjí náà ńkọ́? Ní ọdún 1932, wọ́n fi Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní. N kò tíì rí ìjọ tó fi "Oṣù Mẹ́fà Lẹ́wọ̀n" ṣe àkòrí ìsọjí rí. Síbẹ̀, nígbà tó jáde, iṣẹ́ náà ló padà sí, kò sì fi í sílẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé ní Ẹdẹ ní oṣù Keje ọdún 1959. Èyí ni mo fi ń sọ pé iṣu rẹ̀ ta.

Nígbà tí ará bá takora

Ohun kan tún wà nínú ìtàn yẹn tó yẹ ká fara balẹ̀ wò, bó tilẹ̀ korò díẹ̀. Ní 1931, àwọn aṣáájú ìjọ náà pe àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àpọ́sítélì láti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuníìnì nítorí ibà. Àwọn tiwa gbà pé àdúrà àti omi nìkan tó. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó pín wọn níyà, nígbà tó sì fi di 1943, orúkọ Christ Apostolic Church ti wọ ìwé ìjọba lọ́tọ̀.

Ta ló jẹ̀bi? Mo ti jókòó níbi tí àwọn alàgbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ja ìjàkadì Ọ̀fà lórí ìbéèrè yẹn. Lójú tèmi, ìgbàgbọ́ àwọn bàbá wa kì í ṣe ìgbàgbọ́ yẹpẹrẹ, wọ́n fi ẹ̀mí ara wọn dúró lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tí mo fi ẹ̀mí ara mi dúró lórí rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí mo fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́dún méjì dúró lórí rẹ̀. Ọmọ kò lè sọ pé òun gbà tàbí òun kò gbà. Ẹ̀yin òbí, bí ara ọmọ yín bá ń gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ máa gbàdúrà lọ lójú ọ̀nà. Ibà kì í dúró de ìpàdé àdúrà òru Ọjọ́ Ẹtì. Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìn, oníṣègùn ni (Kólósè 4:14), n kò sì rí ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kó da àpò oògùn rẹ̀ nù.

Ibi tí a ti ń dán an wò

Ará, ibi tí a ti ń mọ̀ bóyá a ti dàgbà kì í sábà jẹ́ iwájú pẹpẹ. Ní ọjà Ọ̀fà, kóńgò ni wọ́n fi ń wọn gàrí àti ìrẹsì. Ẹ̀yin ìyá mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Kóńgò kan wà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọ inú. Ẹni tó ní i lè jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ dé ìpàdé àdúrà òwúrọ̀, kó tiẹ̀ jẹ́ òun ló ń darí orin. Ó ń gbààwẹ̀ kí ọjà rẹ̀ tà, ó sì ń ta ọjà fún àwọn tí àwọn náà ń gbààwẹ̀. Ọjọ́ tí Ẹ̀mí Mímọ́ bá bá a sọ̀rọ̀ tó fi gbé kóńgò yẹn jù sí ààtàn, tó lọ ra tuntun, tó sì gbà kí èrè òun dín kù, ọjọ́ yẹn ló fi ilé wàrà sílẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un. Bóyá ọkọ rẹ̀ gan-an kò ní mọ̀.

Arákùnrin tó ń lé ẹ̀mí èṣù jáde ní ìjọ, tí ìyàwó rẹ̀ ń tọrọ owó iléèwé ọmọ lọ́wọ́ àna, kí lẹ rí sí i? Àti àwọn tó ń gba àjọ àwọn aládùúgbò, tí owó kò pé mọ́ ní ìparí oṣù, tí wọ́n wá ní ọ̀tá ilé bàbá àwọn ló ń ṣiṣẹ́? Ìyá arúgbó kan jókòó sílé, kò mọwọ́ kò mọsẹ̀, wọ́n ní òun ló mú owó. Ọmọ ọwọ́ ló máa ń fi ẹ̀bi gbogbo lé ẹlòmíràn lórí. Àgbà á ní, "Èmi ni mo ná an, ẹ dákun."

Bí mo ṣe ń sọ èyí, mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè pé, "Báwo wá ni mo ṣe lè dàgbà?" Èmi kò mọ ọ̀nà kúkúrú kankan. Pétérù Kejì orí 1 to nǹkan lé ara wọn níbẹ̀, láti orí ìgbàgbọ́ títí dé orí ìfẹ́, sùúrù sì wà láàárín, ẹ kò lè fò ó. Mo lè sọ ohun tó ràn mí lọ́wọ́. Mo jáwọ́ nínú sísáré láti ìjọ dé ìjọ nítorí àsọtẹ́lẹ̀, mo jókòó sí ibì kan tí pásítọ̀ lè bá mi wí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin rẹ̀, dípò kí n máa ṣa ẹsẹ̀ tó dùn mọ́ mi. Mo rí alàgbà kan, télọ̀ ni, tí mo lè jẹ́wọ́ àṣìṣe mi fún láìjẹ́ pé ó di àpẹẹrẹ nínú ìwàásù. Ìyókù, ìgbéyàwó àti ọmọ ló kọ́ mi.

Ẹni tó tún máa ń wá sí mi lọ́kàn ni Ọba Isaac Babalọlá Akínyẹlé. Ó wà lára àwọn aṣáájú ìjọ tí mo ti sọ lókè yìí, òun sì ni ààrẹ Christ Apostolic Church àkọ́kọ́. Òun náà ló kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911. Ní 1955, nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó di Olúbàdàn, ó sì wà lórí oyè títí di 1964. Ọba ni lórí Mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti onísẹ̀ṣe, kò sì fi ìjọ tàbí àdúrà sílẹ̀ nítorí adé. Ẹ wo iṣẹ́ tó wà nínú ìyẹn: kí o má sẹ́ Olúwa rẹ, kí o má sì di ọ̀tá ìlú rẹ. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nínú agbo ilé kan ṣoṣo, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ borí mi.

Nítorí pé mo padà sílé. Kì í ṣe kíákíá. Ọdún 1990 ni Ìyá Àgbà kú, mi ò tíì bẹ̀ ẹ́. Àwo ẹran yẹn wà lójú mi títí di òní, àti bó ṣe rọra gbé e padà láìsọ̀rọ̀. Ọdún 1991 ni mo tó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà náà, mo ń lọ sílé lọ́dọọdún. Mo ń sọ fún bàbá mi nípa Jésù nígbà tó bá béèrè, ó sì máa ń béèrè nígbà mìíràn, bí a bá ń ti oko bọ̀. Ó máa ń gbọ́ ọ dé òpin, á ní, "Ó dáa," á sì lọ ṣe àlùwàlá. Mo gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀ ju bí mo ti gbààwẹ̀ nítorí iṣẹ́ lọ. Kò gba ohun tí mo gbàdúrà fún, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Ní ọdún 2004, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Àwa ọmọ dá owó jọ fún ìtọ́jú rẹ̀ àti fún ohunkóhun tó bá tẹ̀ lé e. Ọmọ mẹ́jọ, ìyá méjì; ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí owó yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò mi kan tí òun náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń darí mọ́ṣáláṣí ní kó wà lọ́dọ̀ òun, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kọ̀. Ohùn ti ń ga. A rò pé bàbá ti sùn.

Ó gbé orí sókè díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ẹ kó o fún èyí tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì." Ó yíjú sí ògiri.

Wọ́n kó o fún mi. Mo kà á lójú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kọ iye rẹ̀ sí ẹ̀yìn Bíbélì mi.